Gbogbo ìdáhùn mi ni 5: ìrírí mi nínú wíwádìí èso ètò pàṣípààrọ̀ tí ìjọba ń náwó sí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, nígbà tí ó ku ọjọ́ 4 kí n padà sí Nàìjíríà, fọ́ọ̀mù kan wọlé sínú ìméèlì mi pé kí n sọ bí mo ṣe rí ìrìn àjò mi sí Amẹ́ríkà sí. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn rárá yóò tẹ 1, ẹni tí inú rẹ̀ dùn gidigidi yóò tẹ 5. Mo tẹ 5 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí n má purọ́, n kò ka àwọn ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn kí n tó tẹ 5 sí iwájú wọn, nítorí pé mo ń di ẹrù lọ́wọ́.

Èdè Yorùbá ni mo lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, lábẹ́ ètò Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó sí, ní apá rẹ̀ tí ó wà fún àwọn olùkọ́ èdè láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún ẹ̀kọ́ kan péré ni, nǹkan bí oṣù 9, a kì í sì í gba oyè níbẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ kọ́ni ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, àwa náà sì ní láti jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ 2 ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 7 ni mo ní ní sáà àkọ́kọ́. Mo gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n mo tún rántí àwọn àṣálẹ́ oṣù Kejìlá tí ilẹ̀ ti ṣú kí aago 5 tó lù, tí mo jókòó sínú yàrá mi tí n kò rí ẹni bá sọ Yorùbá tí kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ tún ohùn rẹ̀ ṣe fún un. Mo rántí pé ibi iṣẹ́ mi nílé ti dá owó oṣù mi dúró láti oṣù kẹta tí mo ti lọ, tí ó fi jẹ́ pé ìdajì owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún mi ni mò ń fi ránṣẹ́ sílé. N kò kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà.

N kò ní in lọ́kàn láti purọ́. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi, wọ́n gbà mí sílé, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìwé ìdúpẹ́ ni mo ka fọ́ọ̀mù yẹn sí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnìkan níbìkan yóò ka àwọn 5 náà bí ẹ̀rí.

Ọdún 7 lẹ́yìn náà, ó kàn mí láti máa gba irú 5 bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ìjọba orílẹ̀-èdè òkèèrè kan tí n kò ní dárúkọ ti ń kó àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì lọ sí ọ̀dọ̀ wọn fún oṣù 3, kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀, kí àwọn náà sì kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní nǹkan nípa ilẹ̀ wa. Wọ́n ti ṣe é fún ọdún 5, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí àwọn ará ìlú wọn ń san gẹ́gẹ́ bí owó orí so èso. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ìṣirò ju mí lọ. Mo gbà á pẹ̀lú ìgboyà tí kò nídìí, nítorí mo rò pé níwọ̀n bí èmi náà ti lọ irú àjò bẹ́ẹ̀ rí, mo ti mọ ohun tí ó yẹ kí n béèrè.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ó rọrùn jù lọ. Mo gba orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti lọ, mo gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wálé, mo sì fi tèmi tí ó gùn ju ìyẹn lọ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tí ó dá mi lóhùn ju ìdajì lọ díẹ̀. Ìdáhùn wọn dùn mọ́ mi nínú: 5, 5, 4, 5. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 a ti kọ ìjábọ̀ kan tí ó ní àwòrán aláwọ̀ mèremère, tí ó sọ pé ètò náà ti yí ìgbésí ayé àwọn olùkọ́ padà. Bí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ọwọ́ ara mi ni mo rí nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Kí n tó fi ìjábọ̀ náà ránṣẹ́, mo gbé e lọ fún ìyá kan ní Ìbàdàn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, pé kí wọ́n bá mi wo àṣìkọ inú rẹ̀. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwé yìí dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ká ní wọn ò lọ ńkọ́?” Mo ní ohun tí wọ́n ń sọ kò yé mi. Wọ́n ní, “Àwọn tíṣà tí ẹ mú yìí, mo mọ méjì nínú wọn. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ òfuurufú rárá ni wọ́n ti ń ṣe dáadáa. Ṣé òkèèrè ló sọ wọ́n di tíṣà gidi, àbí torí pé wọ́n jẹ́ tíṣà gidi lẹ ṣe mú wọn?” Wọ́n tún béèrè ibi tí àwọn tí kò dá mi lóhùn wà. N kò ní èsì kankan. Mo gbé ìjábọ̀ mi, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìtìjú.

Donald Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà kan, ti pín wíwọn èso ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí ipele 4 láti ọdún 1959: bóyá ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ àwọn tí ó gbà á, bóyá wọ́n kọ́ nǹkan, bóyá ìṣe wọn lẹ́nu iṣẹ́ yí padà, àti bóyá ìyípadà náà mú èso wá níbi iṣẹ́ wọn. Mo mọ àwọn ipele náà ní àkọ́sórí, mo tilẹ̀ ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí. Síbẹ̀ gbogbo ìwé tí mo gbé lọ fún ìyá náà, ipele àkọ́kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì parí sí.

A bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. A ní kí àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún wa fún wa ní orúkọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ṣùgbọ́n tí ààyè kò tó. Èrò wa ni pé àwọn wọ̀nyí ni ó jọ àwọn tí ó lọ jù lọ, bí a bá sì fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, a ó rí ohun tí àjò náà fi kún iṣẹ́ wọn. Ó pẹ́ kí a tó rí àkọsílẹ̀ náà gbà, nítorí pé ẹni tí kò yege kì í ní fáìlì. Inú ìwé tí akọ̀wé kan fi ọwọ́ kọ ni a ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú orúkọ wọn.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn. Mo pe olùkọ́ obìnrin kan ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, mo sọ orúkọ ètò náà, mo ní a fẹ́ wá kí wọn nílé-ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí a dé, wọ́n ti wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ òde, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ra ohun mímu, ìwé ìrìnnà tuntun sì wà lórí tábìlì. Wọ́n rò pé ààyè wọn ti yọ ni. Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú, wọ́n sì rọra ti ìwé ìrìnnà náà bọ inú báàgì. Títí di òní, mo ṣì ń rí ọwọ́ wọn bí ó ṣe ń ti ìwé náà bọ inú báàgì. Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń sọ lórí fóònù, kí n tó sọ orúkọ ètò kankan, ni pé n kò ní àǹfààní kankan láti fún ẹni tí mò ń pè, àti pé ohun tí wọ́n bá sọ kò ní ran ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́wọ́, kò sì ní pa á lára.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn yìí mú wa wo ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí wọ́n ń fi ike omi àti bátìrì tí ó ti kú ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀, dídá ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ wà lára ohun tí mo ti kọ sínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́ bí èso ètò náà. Bí a ṣe ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń hàn sí i: àwọn tí kò lọ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Mo fi ìlà pa gbogbo abala yẹn rẹ́.

Àwọn nǹkan kan ṣẹ́kù tí a kò lè pa rẹ́. Àwọn tí ó lọ máa ń dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá béèrè ìbéèrè nínú kíláàsì, wọ́n á jẹ́ kí ọmọ ronú, àwọn ọmọ náà sì máa ń béèrè ìbéèrè padà lọ́wọ́ wọn, èyí tí a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì àwọn tí kò lọ. Àmọ́ báwo ni a ṣe mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kò sí ẹni tí ó wo kíláàsì wọn kí wọ́n tó lọ, èyí sì jẹ́ àbùkù tí a kò lè fi owó tún ṣe mọ́. Ẹnì kejì mi nínú iṣẹ́ náà ni ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ó rántí pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama gbọ́dọ̀ kọ lẹ́sìn-nóòtì, ìyẹn ètò ohun tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i, àti pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í ju àwọn tí ó ti pẹ́ nù. A tú wọn jáde láti inú àpótí àti àpò ìrẹsì. Nínú èyí tí wọ́n kọ kí wọ́n tó lọ, a óò rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ yóò dà kọ láti ojú pátákó. Nínú èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀, a óò rí ìbéèrè àti ohun tí àwọn ọmọ yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ní déètì àti ìbuwọ́lù ọ̀gá lára, tí ẹnikẹ́ni kò kọ nítorí tèmi, ó sàn lójú mi ju 100 fọ́ọ̀mù lọ.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ọ̀fìn èsì ìdánwò WAEC. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí èsì kẹ́mísírì rẹ̀ gbéra sókè lọ́dún tí olùkọ́ náà dé láti òkèèrè, inú wa sì ti ń dùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fúnra rẹ̀ fà wá sẹ́yìn, tí ó ní lọ́dún yẹn ni àwọn ọmọ kan wá láti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni fún ìdánwò nìkan. Ká ní a kò bá a jókòó pẹ́, à bá ti gbé ẹ̀yẹ ẹlẹ́yẹ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ èdè wá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni mo fi ń bá àwọn olùkọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìbéèrè. Bí mo bá ti tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọn á tún ọrùn aṣọ ṣe, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìdúpẹ́ níbi ìnáwó. Ní Ìkìrè ni iná lọ, tí bátìrì ẹ̀rọ mi sì kú. Olùkọ́ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ó yí sí Yorùbá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n mú yín dé láàbù wa.” Ó tan iná fóònù rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ omi kan, kò dún. Ó ní òun bá a bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé òun wá síbẹ̀. Ó ní ní òkèèrè, orí tábìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan ni gáàsì àti omi wà, àti pé fún oṣù 3 òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ohun tí òun kò ní rí lò láéláé. “Fọ́tò ni mo kó bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ.” Lórí fọ́ọ̀mù mi, olùkọ́ yìí kan náà ti tẹ 5 sí ìbéèrè tí ó ní bóyá ohun tí wọ́n kọ́ wúlò níbi iṣẹ́.

N kò dá a lẹ́bi, mo mọ ìdí. Àmọ́ láti ìgbà náà, mo dẹ́kun bíbéèrè bóyá nǹkan wúlò. Ohun tí mò ń sọ ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ ti ń lò ó.” Bí kò bá sí ibi tí a lè lọ, àwa méjèèjì á mọ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ gidi.

Àwọn kan sì wà tí a kò bá lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì tí ó lójú. Òmíràn, nítorí pé ó ti lọ sí òkèèrè, wọ́n fi í jẹ igbákejì ọ̀gá, ó sì di ẹni tí ń bójú tó owó àti ìyà àwọn ọmọ, tí kò kọ́ni mọ́ rárá. Lójú ẹbí rẹ̀, àjò náà so èso ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ní físíìsì tẹ́lẹ̀ kò ní olùkọ́ físíìsì fún ọdún kan gbáko.

Ti àwọn tí kò padà wálé ni ó ṣòro jù. Àwọn 2 ni wọ́n, àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún wa sì fi ọgbọ́n sọ fún mi pé kò pọn dandan kí n dárúkọ ọ̀rọ̀ wọn. Nínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́, n kò dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kejì. Mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Kò jiyàn. Ó ní òun mọ̀ pé òun gba ààyè ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fi sílẹ̀ kò tíì rí olùkọ́ mìíràn, àti pé òun ń fi owó ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ 3 níbẹ̀. Kí ni kí n kọ sí iwájú orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Físà tí èmi fi lọ sí Amẹ́ríkà ní òfin tí ó ní kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ìjọba náwó lé lórí gbé ọdún 2 nílé kí wọ́n tó lè gba físà òṣìṣẹ́ tàbí ìwé ìgbélùú níbẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òfin náà sì lè mú ara relé. Mo mọ àwọn tí wọ́n gbé ọdún 2 yẹn pé nílé láìlo ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n kọ́.

Ìbéèrè kan wà tí èmi fúnra mi gbàgbé láti fi sínú iṣẹ́ náà, ó sì dùn mí nítorí pé èmi ni kò yẹ kí ó gbàgbé rẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n dá ètò Fulbright sílẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n rí nínú títa ẹrù tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ogun. Òfin ọdún 1961 tí ó wá mú un gbòòrò sì sọ ọ́ kedere pé ìdí rẹ̀ ni kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn lè túbọ̀ gbọ́ ara wọn yé. Ètò tí mo ń wádìí yìí náà ní irú ète bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù mi kò ní ìbéèrè kan fún àwọn tí ó gba àwọn olùkọ́ wa lálejò. Ọkàn mi kò lọ síbẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 7 tí mo kọ́ ní Amẹ́ríkà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ti wá kọ́ Yorùbá sí i ní Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì ti di olùkọ́ ní ìlú rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ kí mi kú ọdún. Ó fi “ẹ kú” sí ibi tí ó yẹ, ó sì béèrè àlàáfíà ìyá mi. Lára gbogbo 5 tí mo tẹ̀ ní ọdún 2011, kò sí èyí tí ó lè fi èyí hàn, nítorí pé kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

A kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba àwọn olùkọ́ wa. Ó ti pẹ́ jù, àwọn díẹ̀ ni ó dáhùn, a sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjábọ̀ kejì. Ìjábọ̀ náà kò dùn ún kà bí ti àkọ́kọ́. Ó sọ pé ìyípadà wà nínú ọ̀nà ìkọ́ni àwọn kan, pé ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe èso ètò náà, pé láàbù tí kò ní omi ń pa ẹ̀kọ́ oṣù 3 run, àti pé kí wọ́n máa wo kíláàsì olùkọ́ kan kí ó tó lọ àti lẹ́yìn ọdún 1 àti ọdún 3 tí ó bá dé. Nínú ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn, gbólóhùn nípa ọ̀nà ìkọ́ni nìkan ni ó kù, pẹ̀lú fọ́tò olùkọ́ Ìkìrè tí ó ń rẹ́rìn-ín nínú láàbù òkèèrè. Wọ́n gba àbá wíwo kíláàsì ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n sì lò ó lọ́dún tí ó tẹ̀lé e.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dún náà. Àwọn tí ó lọ wo kíláàsì wọn sọ fún mi pé ó dára gan-an. Síbẹ̀, wọn kò mú olùkọ́ náà. Olùkọ́ náà ṣì máa ń fi fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, pé kí n bá àwọn wò ó, mo sì ń tọ́jú wọn sínú fáìlì kan tí kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè rẹ̀.